Àárẹ̀ Bàbá Kì í Ṣe Ti Ọjọ́ Orí Nìkan

Leeds,
Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Bọ̀dá mi ọ̀wọ́n,

Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá mi sọ lórí fóònù nípa Bàbá wa kò kúrò lọ́kàn mi, ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ lè kà á fún gbogbo ilé, kí ẹ sì mú un dání tí ẹ bá ń lọ rí dókítà. Ẹ ní Bàbá ò lè rìn dé ilé kejì mọ́ kí wọ́n má wá ibi jókòó sí, pé wọ́n ń sùn lọ́sàn-án, wọ́n ń sùn lóru, síbẹ̀ bí wọ́n bá jí, ó ṣì ń rẹ̀ wọ́n. Àǹtí ní àgbà ló dé. Àwọn kan ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi sí wọn láyà ló ń fa agbára wọn mu. Mi ò gba èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ẹ̀rọ pacemaker kì í fa nǹkan kan mu lára èèyàn. Bátìrì tirẹ̀ wà nínú rẹ̀, ó sì máa ń tó ọdún 6 sí 10 kí ó tó béèrè ìyípadà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ó má jẹ́ kí ọkàn lù lọ́ra kọjá ààlà tí dókítà là sílẹ̀ fún un. Ìyẹn ni Bàbá kì í fi í dákú mọ́ bí wọ́n ṣe ń dákú kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ náà sí wọn láyà. Ṣùgbọ́n kì í wo ẹ̀jẹ̀ ríru, kì í fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ kò tó lára rẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, tí àárẹ̀ bá wà síbẹ̀, ó ní ibi tó ti wá, ó sì ṣeé wá rí.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ wò ni òkè tí ilé wa wà lórí rẹ̀ yẹn. Ọkàn ẹni tó ń sinmi máa ń lù tó ìgbà 60 sí 100 láàárín ìṣẹ́jú kan. Tí ẹni tí ara rẹ̀ le bá ń gòkè, ọkàn á sáré sí i kí ẹ̀jẹ̀ lè dé ẹsẹ̀. Ọkàn ọ̀pọ̀ ẹni tó ń lo pacemaker kì í lè sáré bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ̀rọ ló gbọ́dọ̀ bá a sáré. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ náà ní ohun kan nínú tó ń mọ̀ bí ara bá ń mì, kí ó lè mú ìlù ọkàn yá. Bí wọn ò bá tan án, tàbí tí wọ́n bá yí i sílẹ̀ jù, ìgbà 60 náà ni ọkàn á máa lù bí Bàbá ti jókòó, ìgbà 60 náà ni á máa lù bí wọ́n ti ń gun òkè. Báwo ni kò ṣe ní í rẹ̀ wọ́n?

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Mímì ara ni ohun náà ń mọ̀, kò mọ ìnira. Àgbàlagbà tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ kì í mi ara púpọ̀, ẹ̀rọ lè rò pé kò ṣe iṣẹ́ kankan. Tó bá ń sọ̀kalẹ̀ kíákíá, ara á mì, ẹ̀rọ á sì sáré nígbà tí kò pọn dandan. Kódà ọ̀kadà tó ń gba inú kòtò kọjá lè tan án jẹ, kí ó máa sáré nígbà tí Bàbá kàn jókòó sẹ́yìn ọlọ́kadà. Àwa tí ilé wa wà lórí òkè ní Ọ̀kà, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju ẹni tó ń gbé Èkó lọ. Orí bẹ́ẹ̀dì ni Bàbá wà nígbà tí wọ́n ṣètò ẹ̀rọ náà, dókítà kò rí òkè wa. Àwa la gbọ́dọ̀ sọ fún un.

Ẹ jẹ́ kí Bàbá jókòó sinmi dáadáa, kí ẹ wá fi ìka méjì sí ọrùn ọwọ́ wọn, kí ẹ ka bí iṣan ṣe ń lù fún odidi ìṣẹ́jú kan. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Kí wọ́n wá gòkè díẹ̀, níwọ̀n tí agbára wọn mọ, kí ẹ tún un kà lójú ẹsẹ̀. Ẹ ṣe é ní ọjọ́ bíi mélòó kan. Bí iye méjèèjì bá ń jọra, ẹ̀rí tí dókítà nílò ti wà lọ́wọ́ yín.

Ẹ wá káàdì tí wọ́n fún Bàbá nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ sí wọn láyà. Orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà wà lórí rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ kúrò lápò Bàbá. Kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ kan kì í ka ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ mìíràn, nítorí náà ẹ pe ilé ìwòsàn lórí fóònù, ẹ ka ohun tó wà lórí káàdì fún wọn, kí ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ní kọ̀ǹpútà tó bá a mu, kí ẹ tó gbé Bàbá gba ọ̀nà jíjìn. Bóyá ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn lẹ bọ́ sí o, bóyá ibòmíràn ni, ìbéèrè yẹn ló ṣáájú. Wọn kì í la àyà fún àyẹ̀wò yìí. Ohun pẹlẹbẹ kan ni wọ́n á gbé lé ibi tí ẹ̀rọ wà, á sì ka gbogbo ohun tí ẹ̀rọ ti kọ sílẹ̀: bí bátìrì ṣe kù sí, bí ọkàn bá ti ń lù ségesège, àti bí iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń bá ọkàn ṣe ti pọ̀ tó. Tí ó bá jẹ́ pé ìgbà gbogbo ló ń bá a ṣe é, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣe echo, àyẹ̀wò tó ń fi àwòrán ọkàn hàn, pẹ̀lú, nítorí fún àwọn mìíràn, ìyẹn máa ń sọ ọkàn di aláìlágbára bí ọdún ti ń gorí ọdún.

Ní ti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, a lè ṣe ìyẹn nítòsí, ní Specialist Hospital Ìkàrẹ́ tàbí Federal Medical Centre ní Ọ̀wọ̀: PCV (bí ẹ̀jẹ̀ ṣe tó lára), ṣúgà, kíndìnrín, àti thyroid. Ẹ kó gbogbo oògùn Bàbá sínú àpò kan lọ. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bíi atenolol lè mú àárẹ̀ wá, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má dá a dúró lójijì, ewu wà níbẹ̀. Bí Bàbá bá ń mu àgbo, ẹ sọ ìyẹn náà fún dókítà. Tí Bàbá bá ń mu oògùn tó ń mú wọn tọ̀, tí wọ́n sì tún ń mu àgbo tó ń mú wọn yàgbẹ́, omi ara á gbẹ, ara ò sì ní lè dúró.

Ẹ má gba oko lọ́wọ́ wọn pátápátá o. Ẹni tó ń jókòó láti àárọ̀ dalẹ́, iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kú lọ ni. Kí àwọn ọmọ kọ ebè, kí Bàbá jókòó gé ẹ̀bù. Kí wọ́n ṣe ohun tó le láàárọ̀, kí wọ́n sinmi kí ó tó rẹ̀ wọ́n, kí wọ́n jókòó wẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gígún iyán ti parí: wáyà ẹ̀rọ gba abẹ́ egungun èjìká kọjá, gígún léraléra lè bà á jẹ́. Kí ẹlòmíràn máa tan jẹnẹrétọ̀, kí Bàbá má sì fi fóònù sí àpò àyà, nítorí méjèèjì lè dí ẹ̀rọ lọ́wọ́. Ẹ tún máa bá wọn sọ̀rọ̀ nírọ̀lẹ́. Láti ìgbà tí Màmá ti lọ, mi ò rò pé ara nìkan ló ń rẹ̀ wọ́n.

Bí Bàbá bá dákú, bí ẹsẹ̀ bá wú, bí wọn ò bá lè mí dáadáa tí wọ́n bá fẹ̀yìn lélẹ̀, bí ojú ibi tí wọ́n fi ẹ̀rọ sí bá pọ́n tàbí tí ó bá ṣọyún, bí òsúkè bá mú wọn tí kò lọ, ẹ gbé wọn lọ sí Ìkàrẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Òsúkè yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, ó lè jẹ́ pé wáyà ti ṣípò.

Ẹ sọ fún Àǹtí pé Arne Larsson, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fi irú ẹ̀rọ yìí sí lára, ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá ọdún 1958. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ yẹn kò lò ju wákàtí díẹ̀ lọ. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ lé ní ìgbà 20, ó pẹ́ láyé ju dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà lọ, ọdún 2001 ló kú, ó ti pé ẹni ọdún 86. Bàbá wa ò tíì pé 80.

Mo ti fi owó ọkọ̀ àti ti àyẹ̀wò ránṣẹ́ sí àkáǹtì yín. Ẹ dákun, Bọ̀dá mi, ẹ pe ilé ìwòsàn náà láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ gba ọjọ́ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì bá Bàbá wọlé rí dókítà fúnra yín, nítorí bí wọ́n bá bi Bàbá léèrè, "Kò sí wàhálà" ni wọ́n máa dáhùn.

Èmi ni àbúrò yín, ní Leeds.