Ìṣẹ́jú Àáyá Méjì

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, a ní ẹjọ́ kan tí a fẹ́ rò mọ́ ara wa lẹ́sẹ̀.

Nígbà ìsinmi tó kọjá, àwa ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ ṣe ìdíje Rubik's Cube ní Ilé-Ifẹ̀, àpótí kékeré aláwọ̀ 6 tí a máa ń yí títí ojú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò fi di àwọ̀ kan ṣoṣo. Àwa ni a di aago mú. Ọmọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa fi ìṣẹ́jú àáyá 39 parí tirẹ̀. Ọmọbìnrin kan tí ó wá láti Mọdákẹ́kẹ́ lo 40. A kọ orúkọ ọmọ wa sílẹ̀ pé òun ló yára jù.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbé àpótí náà kalẹ̀, ó ku ìyí kan kí ó tó pé. Òfin World Cube Association, tí àwa fúnra wa kà sí gbogbo wọn létí, ni pé kí á fi ìṣẹ́jú àáyá 2 kún un. Yóò wá di 41. A rí i, a sì dákẹ́.

Ọmọ náà kò fọhùn. Ìyá rẹ̀ ló ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé nítorí ibi tí a ti wá ni?" Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ojú ìlú méjèèjì rí láti 1997 sí 2000 yóò mọ̀ pé ìbéèrè náà wúwo.

Àwọn kan nínú wa ní, "Kí ni ìṣẹ́jú àáyá 2?" Ẹ jẹ́ kí á wo Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ní July 24, 2022, ní Eugene ní Amẹ́ríkà, ó fi 12.12 sá 100 mítà tí wọ́n ń fo igi, ó sì di àkọsílẹ̀ àgbáyé. Lọ́jọ́ kan náà ó tún sá 12.06 ní àṣekágbá. Wọn kò kà á sí àkọsílẹ̀, nítorí atẹ́gùn tó ń tì í lẹ́yìn jẹ́ 2.5, òfin kò sì gbà ju 2.0 lọ. Wúrà rẹ̀ kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Hilda Baci náà dáná títí di wákàtí 100 ní Èkó ní 2023. Wákàtí 93 àti ìṣẹ́jú 11 ni Guinness kà fún un, nítorí ó sinmi kọjá àkókò lẹ́ẹ̀kan. Ó dunni, ṣùgbọ́n òfin ti wà nílẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì sọ ìdí rẹ̀ ní gbangba. Àwa ní òfin, a kàn fi í pamọ́ fún ọmọ wa ni.

Ọmọ wa yìí ló já wa sí ìtìjú. Ó dá ẹ̀bùn padà, ó ní, "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé kò pé." A gbé e lọ sí Mọdákẹ́kẹ́, a tọrọ àforíjì, a tún àkọsílẹ̀ kọ. Àwọn kan ń bínú sí wa títí di òní.

Ọlọ́hun pàṣẹ nínú Súrátù Nisáì, áyà 135, pé kí á dúró ti òdodo, ìbáà tako àwa fúnra wa. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́ kí aago ọwọ́ wa purọ́. Àmín.