Ta ni yóò wọ aṣọ náà?

Mo fẹ́ràn ìwé alàwòrán Spider-Man tí wọ́n ń ṣe ní Amẹ́ríkà. Ní 1962 ni ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Aláǹtakùn bu Peter Parker jẹ, ó sì di alágbára. Nínú ìtàn kan tó jáde ní 2011, Peter kú. Ọmọdékùnrin adúláwọ̀ kan, Miles Morales, gba ipò rẹ̀. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò.

Ìkà náà a máa bímọ. Nínú ìtàn mìíràn, Norman Osborn fi ìbòjú bojú, ó ń ṣe ibi. Lẹ́yìn rẹ̀, Harry ọmọ rẹ̀ gbé ìbòjú náà wọ̀. Ó ń bá Peter ọ̀rẹ́ rẹ̀ jà. Ó dùn mí gan-an! Ṣùgbọ́n nígbẹ̀yìn, Harry gba ẹ̀mí Peter là.

Aṣọ ibi tí bàbá fi sílẹ̀, ọmọ lè bọ́ ọ. Ìwọ ńkọ́? Aṣọ ta ni ìwọ yóò wọ̀?