Onílé Pẹ̀lú Gbọ́dọ̀ Kágò

Ẹ̀yin ará Ifẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, púpọ̀ nínú wa ló jẹ́ ayálégbé níbí, tó sì tún jẹ́ onílé ní Ifẹ̀. Ilé wa wà ní Ẹlẹ́yẹlé àti ní ọ̀nà Ẹdẹ, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tí kò rí yàrá nínú ọgbà ń gbé. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ló ń bá wa gba owó ilé. Òun náà ló ń bá wa yẹ ilé wò.

Níbí, òfin onílé àti ayálégbé ti ọdún 1985 ní kí onílé tó fẹ́ wo bí ilé ṣe rí fi ìwé ṣọwọ́ sí ayálégbé ní wákàtí 24 ṣáájú, kó sì wá lásìkò tó bójú mu. A mọ òfin yìí dáadáa, a kì í sì í gbà kí ẹnikẹ́ni rú u lórí wa. Òfin ilé yíyá tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 fara jọ ọ́: kí onílé kọ̀wé, kó sì wá lójúmọmọ. Lóòótọ́, òfin Èkó kò de Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, níbi tí Ifẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n ohun tó tọ́ sí ayálégbé ní Sùúrùlérè tọ́ sí ọmọ ọlọ́mọ tó gba yàrá ní Ẹlẹ́yẹlé.

Kí ayálégbé máa retí pé wọn yóò sọ ọjọ́ àti aago fún òun. Kí ẹni tó wá yẹ ilé wò wo òrùlé tó ń jò, wáyà iná, páìpù omi, ògiri tó ń sán. Àpótí aṣọ àti ìkòkò ọbẹ̀ kò sí lára ohun tí onílé wá wò. Èyí tó ká mi lára jù ni kọ́kọ́rọ́ kejì, tí wọ́n fi ń ṣílẹ̀kùn yàrá ọmọbìnrin tó lọ sí kíláàsì. Àfi bí iná bá ń jó tàbí tí páìpù bá bẹ́, kò sí ohun tó lè mú kí èyí tọ̀nà.

Ohun tí wọ́n bá rí, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí tọ̀túntòsì fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì ya fọ́tò rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ayálégbé bá ń kó jáde, ìwé yẹn ni yóò sọ bóyá òun ló fọ́ fèrèsé tàbí bó ṣe bá a nìyẹn. Bí àtúnṣe kò bá sì tẹ̀lé àyẹ̀wò, ìyọlẹ́nu lásán ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe ẹni tó ń bójú tó ilé yín lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ ní kó máa fi ọjọ́ àti aago ránṣẹ́ lórí WhatsApp kó tó lọ, kó má sì ṣílẹ̀kùn ẹnikẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀ mọ́.