Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó Fún Ní Bọ́ọ̀lù?

 

Ọ̀rọ̀ eré ìdárayá ni mo gbé wá lónìí. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò ti máa bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ni ó kan olùkọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn nínú bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń gbé ìlú Kaduna mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí a sọ ní etí pápá a máa bá ni dé ilé, nígbà mìíràn a sì máa bá ni dé mọ́sálásí.

Bọ́ọ̀lù tí mo ń wí kì í ṣe ti ẹlẹ́sẹ̀. Básíkẹ́ẹ̀tìbọ́ọ̀lù ni, èyí tí à ń fi ọwọ́ jù sínú àwọ̀n tí wọ́n so rọ̀ sí òkè. Ènìyàn márùn-ún ni ó máa ń wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan nínú wọn ni wọ́n sì ń pè ní pọ́ìntì gáàdì. Òun ni í gba bọ́ọ̀lù láti ẹ̀yìn, tí yóò máa lù ú mọ́lẹ̀ bọ̀ wá sí iwájú, tí ojú rẹ̀ kò sì ní sí lára bọ́ọ̀lù náà rárá bí kò ṣe lára àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kí ó lè mọ ẹni tí ààyè ṣí sílẹ̀ fún. Nínú òfin tí gbogbo àgbáyé ń lò, ìṣẹ́jú àáyá 8 ni wọ́n ní láti fi gbé bọ́ọ̀lù kọjá ààrin pápá, ìṣẹ́jú àáyá 24 sì ni gbogbo àkókò tí wọ́n ní kí wọ́n tó jù ú. Ẹlòmíràn nínú wa kò ní tíì ka Fátíhà tán láàrin ìwọ̀n àkókò yẹn. Ibẹ̀ ni ọmọ náà yóò ti wo ọ̀tún, tí yóò wo òsì, tí yóò sì dá ẹjọ́.

Ní ìparí ọdún 2024, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin àdúgbò wa kó ẹgbẹ́ kan jọ. Yorùbá wà nínú wọn, Hausa wà níbẹ̀, ọmọ Gbagyi kan náà sì wà níbẹ̀. Wọ́n kópa nínú ìdíje kékeré kan títí wọ́n fi dé ìpele tí ẹni tí ó bá pàdánù yóò di ẹrù rẹ̀ relé. Pọ́ìntì gáàdì wọn jẹ́ ọmọ Yorùbá, ọmọ ọdún 16, ọ̀kan nínú àwọn tí mo ń kọ́ ní Kéwú ní òpin ọ̀sẹ̀. Nígbà tí eré ku ìṣẹ́jú àáyá 7, àmì ayò kan ṣoṣo ni àwọn alátakò fi ṣíwájú. Bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ ọmọ yìí. Ọmọ Yorùbá mìíràn wà nínú ẹgbẹ́ náà, ó ga bí ọ̀pẹ, òun ni ó sì ti ń jẹ ayò jù lọ láti àárọ̀. Àwọn alátakò mọ̀ bẹ́ẹ̀, méjì nínú wọn sì rọ́ lù ú. Ọmọ Hausa kan dá dúró ní igun ọ̀tún, kò sí ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ rẹ̀. Òun ni wọ́n ju bọ́ọ̀lù sí. Ó jù ú dáadáa, bọ́ọ̀lù náà sì yí etí irin po lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó jábọ́ síta. Fèrè dún, eré parí.

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, lórí ẹní tí a máa ń tẹ́ sí iwájú mọ́sálásí, ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀. Akọ̀wé báńkì kan ní iṣẹ́ pọ́ìntì gáàdì kò ju kí ó pín bọ́ọ̀lù lọ, ọmọ náà sì ti pín in, kí wọ́n fi í lọ́rùn sílẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń ta fóònù dá a lóhùn pé ayé ti kúrò níbẹ̀, pé Stephen Curry jẹ́ pọ́ìntì gáàdì, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì máa ń jù ú sínú àwọ̀n láti ọ̀nà jíjìn. Títí dé ibí yìí, àríyànjiyàn tí ó dùn ún gbọ́ ni. Èmi náà ti fẹ́ dá sí i. Nígbà náà ni ẹnì kan, tí ó dàgbà jù mí lọ, sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò tilẹ̀ gùn: ọmọ tiwa wà lórí pápá, ó gbójú fò ó, ó lọ fún ọmọ Hausa. Ó tún fi kún un pé kò ya òun lẹ́nu, nítorí ilé àwọn Hausa ọ̀hún ni ọmọ náà ti ń jẹun.

Ẹni tí kò gbé Kaduna lè pe èyí ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní ọdún 2000 nígbà tí ìlú yìí jóná nítorí ọ̀rọ̀ Ṣàríà, mo sì tún wà níbẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2002 nígbà tí ó tún gbaná. Lẹ́yìn ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kó kúrò láàrin àwọn tí wọn kì í jọ ṣe ẹ̀sìn kan náà, tí odò Kaduna fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ààlà: mùsùlùmí pọ̀ ní àríwá rẹ̀, onígbàgbọ́ pọ̀ ní gúúsù. Àwa Yorùbá, tí a ní mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ tí wọ́n jọ ń bu òkèlè nínú àwo kan, a mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti dùn wá tó. Kí ẹnikẹ́ni tó fa àdá yọ nígbà náà, àwọn ènìyàn ti ń sọ “tiwa” àti “tiwọn” tipẹ́tipẹ́. Nítorí náà, nígbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí lórí eré àwọn ọmọdé, láti ẹnu ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ jọ kírun tán, ara mi kò gbà á.

Bàbá àgbà kan wà láàrin wa tí ó ṣiṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ní ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ní Kakuri. Bàbá yìí kò fi eré Hakeem Ọlájùwọ́n ṣeré rárá. Ó ní fídíò àwọn eré rẹ̀ nínú kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tí kò sí ẹ̀rọ tí ó lè gbé e mọ́, ó sì kọ̀ láti dà wọ́n nù. Ta ni yóò bá a wí? Ọmọ Èkó ni Hakeem, Muslim Teachers College ni ó ti kàwé, ó sì gba àwẹ̀ Ramadan ti ọdún 1995 láàrin ìdíje, síbẹ̀ òun ni wọ́n kéde pé ó ta yọ jù lọ nínú NBA ní oṣù Kejì ọdún náà. Bàbá ní kí a rántí ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1997, ọjọ́ tí Utah lé Houston, ẹgbẹ́ Hakeem, kúrò nínú ìdíje. Ayò 100 sí 100 ni. John Stockton ni pọ́ìntì gáàdì Utah, kò sì tíì sí ẹni tí ó pín bọ́ọ̀lù tí ó di ayò tó o nínú NBA títí di òní. 15,806 ni iye rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìṣẹ́jú àáyá tí ó kẹ́yìn, kò pín in fún ẹnikẹ́ni. Òun fúnra rẹ̀ ni ó jù ú, ó wọlé, 103 sí 100. Bàbá ní ohun tí ó yẹ kí ọmọ wa ṣe nìyẹn.

Mo bọ̀wọ̀ fún Bàbá, mo sì sọ fún wọn pé kí wọ́n jẹ́ kí a lọ síwájú díẹ̀ nínú ọdún 1997 kan náà. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà, Utah yìí kan náà bá Chicago pàdé. Ayò 86 sí 86 ni. Gbogbo ayé mọ̀ pé Michael Jordan ni yóò ju bọ́ọ̀lù náà. Stockton pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó fi Steve Kerr tí ó ń ṣọ́ sílẹ̀, ó sáré lọ dí Jordan lọ́nà. Jordan, tí kò sí ẹni tí ó lè jù ú jù ú lọ, wá fa bọ́ọ̀lù lé Kerr lọ́wọ́. Kerr jù ú, ó wọlé, Chicago sì gba ife. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ó wà láàrin eré méjèèjì. Nínú èkíní, apínbọ́ọ̀lù kò pín. Nínú èkejì, ajubọ́ọ̀lù kò jù. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ṣe: wọ́n wo ibi tí ààyè wà.

Bí ẹ bá sì fẹ́ ti Hakeem gan-an, mo rán Bàbá létí oṣù Kẹfà ọdún 1995 ní Orlando. Gbogbo àwọn alátakò ń rọ́ lọ bá Hakeem lábẹ́ àwọ̀n, ó sì ń dá bọ́ọ̀lù padà síta fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Kenny Smith, pọ́ìntì gáàdì wọn, ju oníayò-mẹ́ta 7 wọlé lálẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀kan nínú wọn ni ó sì mú kí ayò dọ́gba nígbà tí kò ku ìṣẹ́jú àáyá 2. Bí ó bá jẹ́ pé Hakeem ń wá ọmọ Nàìjíríà tàbí mùsùlùmí tí yóò ju bọ́ọ̀lù fún, ọwọ́ rẹ̀ ni bọ́ọ̀lù ì bá kú sí.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun kan tí n kò rí àyè sọ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí Houston pàdánù ní 1997, Matt Maloney ni ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ wọn yí ẹjọ́ sí lórí, nítorí pé òun ni pọ́ìntì gáàdì. Ọ̀dọ́ tí kò sí ẹgbẹ́ tí ó yàn án ní 1995 ni, ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ sì nìyẹn. Síbẹ̀ gbogbo eré 82 ti sáà náà ni ó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń dá a lẹ́bi gbàgbé pé àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ náà ni wọ́n fi Sam Cassell àti àwọn mẹ́ta mìíràn ṣe pàṣípààrọ̀ Charles Barkley ní 1996, àti pé Kenny Smith náà lọ ní ọdún kan náà. Wọ́n tú ilé ìdáná ká, wọ́n wá ń bínú sí ọmọ tí wọ́n fi síbẹ̀ pé ọbẹ̀ kò dùn.

Àwa náà ṣe irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 2024, Ivory Coast fi ayò 2 sí 1 na Super Eagles ní Abidjan. Láti orí bọ́ọ̀lù igun ni Kessié ti fi orí kan ti àkọ́kọ́ wọlé. Láti ẹ̀gbẹ́ pápá ni wọ́n ti gbé ti Haller wá. Alex Iwobi, tí ń pín bọ́ọ̀lù láàrin pápá, ti kúrò lórí pápá kí èkejì tó wọlé. Òun ni wọ́n bú jù lọ. Èébú náà pọ̀ débi pé ó pa àwọn àwòrán rẹ̀ rẹ́ lórí Instagram, Ahmed Musa tí ó jẹ́ balógun ikọ̀ nígbà náà sì ní láti bẹ àwọn ènìyàn ní gbangba pé kí wọ́n ṣíwọ́. Apínbọ́ọ̀lù ni ojú máa ń wà lára rẹ̀. Bí ó bá pín in tí ó wọlé, ẹni tí ó jù ú ni à ń gbé sọ́rùn. Bí kò bá wọlé, ẹni tí ó pín in ni à ń wá kiri.

Kí ẹ má ṣe rò pé mo ní kí a má jiyàn. Jíjiyàn lórí eré dára, ó ń la ọpọlọ, èmi fúnra mi a sì máa jiyàn títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Kí ẹnì kan sọ pé ọmọ náà ìbá jù ú fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ eré ni ìyẹn, ojú ni a fi rí i, a sì lè jàre tàbí kí a jẹ̀bi níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a sọ pé nítorí oúnjẹ àwọn Hausa ni ó ṣe fi bọ́ọ̀lù fún wọn, a ti kúrò lórí pápá, a ti wọ inú ọkàn ọmọlọ́mọ, ibi tí ó jẹ́ pé Ọlọ́hun nìkan ni Ó mọ̀ ọ́n. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé Súrà Al-Hujurāt kìlọ̀ fún wa nípa èrò búburú àti ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn, àti pé inú súrà kan náà ni Ọlọ́hun ti sọ ìdí tí Ó fi dá wa ní orílẹ̀ àti ẹ̀yà. A máa ń kà á fún àwọn ọmọ wa. Àwọn ọmọ náà sì ń gbọ́ ohun tí à ń sọ lórí ẹní lẹ́yìn tí a bá kà á tán. Lójú tèmi, àmáánà ni bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi sí ọwọ́ ọmọ yẹn. Ti àwọn márààrún ni, kì í ṣe ti ìyá rẹ̀ tàbí ti ìlú baba rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dé etígbọ̀ọ́ ọmọ náà kí ilẹ̀ tó mọ́. Kò lọ sí pápá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ń wá sí Kéwú, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni ó ń jókòó sí, bẹ́ẹ̀ iwájú ni ó máa ń wà tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé kan, lẹ́yìn tí àwọn yòókù lọ, ó dúró dè mí.

“Ustaz, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni mo dá?”

Mo ní kò dá ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Mo bi í pé kí ni ó rí nígbà tí ó ju bọ́ọ̀lù náà. Ó ní ọwọ́ méjì ni òun rí tí ó nà sókè, tí kò sí alátakò kankan níwájú wọn. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá tún béèrè pé:

“Bí mo bá ti fún ẹnì kejì, tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé wọn ì bá bú mi báyìí?”

N kò dá a lóhùn. Mo gbé ìbéèrè náà lọ sí orí ẹní ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo sọ ọ́ bí ó ti sọ ọ́ gẹ́lẹ́, láìfi kún un. Ẹni tí ó sọ̀rọ̀ ìjẹun níjọ́sí ń fa tẹ̀súbáà rẹ̀, kò gbé ojú sókè. Bàbá ará Kakuri ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní kí n lọ pe ọmọ náà wá, kí ó sì mú ọmọ Hausa ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, nítorí àmàlà ti wà lórí iná ní ilé òun.