Látìn, Yorùbá àti Ipò Ọ̀rọ̀-orúkọ

Ohun tí ó gbé mi dé ìdí Látìn ni ọ̀rọ̀ kan tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ọ̀wọ̀: wọ́n ní Yorùbá kò ní gírámà. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí ọmọ tí ó bá gbà á gbọ́ yóò fi Yorùbá sílẹ̀ ní kíláàsì.

Baba àgbà kan tí ó jẹ́ katikíìsì ní Ìfọ́n ni ó kọ́ mi. Òun kọ́ ọ nígbà tí a ṣì ń fi Látìn ṣe Mísà, kí ìpàdé Vatican Kejì (1962–1965) tó ṣílẹ̀kùn fún èdè ìbílẹ̀. Ìwé Kennedy, tí àtúnṣe rẹ̀ jáde ní 1888, ni a lò. Ipò mẹ́fà ni ó tò fún ọ̀rọ̀-orúkọ: ti olùwà, ti ìpè, ti àbọ̀, ti ẹni tí ó ni nǹkan, ti ẹni tí a ṣe é fún, àti ti ohun tí a fi ṣe é tàbí ibi tí a ti kúrò.

Ẹ wo servus dominum vocat, ‘ìránṣẹ́ pe ọ̀gá’. Bí a bá yí i sí dominum servus vocat, ìránṣẹ́ náà ni ó ṣì pe ọ̀gá, nítorí ìparí ọ̀rọ̀ ni ó ń sọ iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ ń ṣe. Ní Yorùbá, ‘ọ̀gá pe ìránṣẹ́’ ti di ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá. Ibi tí ọ̀rọ̀ jókòó sí ni gírámà tiwa wà.

Winston Churchill kọ ọ́ sínú ìtàn ara rẹ̀ ní 1930 pé ó ya òun lẹ́nu pé ipò ìpè wà fún mensa, tábìlì. Ta ní í bá tábìlì sọ̀rọ̀? Ọmọ Yorùbá kò ní béèrè bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ti gbọ́ ọfọ̀ rí mọ̀ pé a ń pe ewé, a sì ń pe igi.

Àwa náà kò sì ṣàìní ìyípadà. Mo rí i, ó rí mi. Ẹ rí wa, a rí yín. Mo di mi, ẹ di yín, a di wa. Bí a bá sì ń sọ ‘ìwé Bọ́lá’, ẹnu wa a máa fa ìparí ìwé gùn, ‘ìwé e Bọ́lá’, bí a kò tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo kọ ‘ọmọ lọ’ sójú pátákó, mo ní kí wọ́n pè é. Gbogbo wọn pe ‘ọmọ́ lọ’. Iṣẹ́ wo ni ohùn òkè yẹn ń ṣe? Àwọn onímọ̀ ti jiyàn lé e lórí. Kíláàsì mi náà jiyàn títí agogo fi lù.