Àìsùn Tí A Kò Pè

Ní ilé mi ní Ṣábẹ̀, yàrá kékeré kan wà tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òkè. Ibẹ̀ ni mo kó ẹ̀rọ rédíò mi sí. Kì í ṣe rédíò tí a fi ń gbọ́ ìròyìn nìkan ni mò ń wí. Èyí tí a fi ń gbọ́, tí a sì fi ń fèsì ni. Àwọn tí ó ń ṣe irú eré yìí pẹ̀lú àṣẹ ìjọba wọn wà káàkiri ayé, lẹ́tà tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ìpè wa ni a sì fi ń mọ ìlú ara wa: ẹni tí tirẹ̀ bá fi TY bẹ̀rẹ̀, láti Bénin ni ó ti ń sọ̀rọ̀. Waya tí mo ta láàárín igi máńgòrò méjì ni ó ń gbé ohùn mi kọjá òkun. Inú mi a máa dùn sí i bí inú ọmọdé.

Ṣùgbọ́n eré yìí ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba àárín èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jẹ́.

Ọ̀dọ̀ mi ni ọmọ náà ń gbé ní ọdún tí ó ń múra ìdánwò BAC. Ní oṣù kan, iná tí a rà sórí ẹ̀rọ tí ń ka iná kò gbé wa dé ìparí oṣù. Oṣù kejì, bákan náà. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, ojú mi sì bà lé gílóòbù yàrá ọmọ, nítorí òun ni ó ń tàn di ọ̀gànjọ́. Mo pè é, mo ní: "Láti òní lọ, bí agogo mẹ́sàn-án alẹ́ bá ti lù, kí o pa iná." Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní: "Mo gbọ́, Bàbá. Ẹ má bínú." Kò jiyàn. Láti ọjọ́ náà, abẹ́ iná òpópónà ni ó ń gbé ìwé rẹ̀ lọ, nínú òtútù ọyẹ́. Síbẹ̀, iná wa kò pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ológbò ilé wa ni ó tú àṣírí. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́ kan, mo bá a tí ó ká jọ, tí ó ń sùn fọnfọn lórí àpótí irin tí ó ń fún rédíò mi ní agbára. Mo ti pa rédíò náà láti ìrọ̀lẹ́ àná. Mo gbé ológbò kúrò, mo fi ọwọ́ kan àpótí: ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ohun tí kò ṣiṣẹ́, kí ni ó ń mú un gbóná?

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, a yọ gbogbo ohun tí ó ń lo iná kúrò lára ògiri, títí kan fìríìjì. Igun rédíò nìkan ni a fi sílẹ̀, ní pípa, bí a ṣe máa ń fi í sílẹ̀. Mo kọ iye tí ó wà lójú ẹ̀rọ tí ń ka iná ní agogo mẹ́wàá alẹ́. Nígbà tí mo tún wò ó ní agogo mẹ́fà òwúrọ̀, kílówáàtì-wákàtì 0.2 ti lọ. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: 200 tí a pín sí wákàtì 8, wáàtì 25 ni. Ní 30 ọjọ́, ó di kílówáàtì-wákàtì 18. Gílóòbù ọmọ náà, wáàtì 9 ni. Bí ó bá tàn fún wákàtì 5 lóròòru, 1.35 péré ni yóò jẹ lóṣù. Ohun tí rédíò tí a ti pa ń jẹ tó ti irú gílóòbù bẹ́ẹ̀ mẹ́tàlá!

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Iná ògiri jẹ́ fólítì 220. Fólítì 12 àti díẹ̀ ni rédíò mi ń fẹ́. Àpótí náà ni ó ń sọ èyí di ìyẹn. Nínú rẹ̀, a wé waya bàbà yí irin ká. Níwọ̀n ìgbà tí okùn rẹ̀ bá ti wà lára ògiri tí iná sì ń wọ inú rẹ̀, agbára iná a máa fa irin náà síwá sẹ́yìn ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìbáà jẹ́ pé rédíò ń sọ̀rọ̀ tàbí ó dákẹ́. Irin náà a sì máa gbóná. Ẹ̀rọ tí ń fi iná sínú bátìrì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun náà kì í sinmi. Bọ́tìnì iwájú rédíò kò pa wọ́n rárá.

Èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé ìsinmi rédíò náà ń jẹ ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Wákàtì méjì ni mo ń lò ó lọ́sẹ̀. Bí mo bá fi wáàtì 150 ṣírò rẹ̀, kílówáàtì-wákàtì 0.3 ni. Ìyókù ọ̀sẹ̀ tí ó fi dákẹ́ ń jẹ ju 4 lọ. Àwọn Faransé ń pe ipò yìí ní veille. Lédè tiwa, àìsùn ni. Ta ni kò mọ àìsùn? Àwọn tí ó wá síbẹ̀ yóò jẹ, wọn yóò sì mu títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ṣùgbọ́n àìsùn ti ilé mi kò ní òkú, kò ní ìlù, n kò sì pe ẹnikẹ́ni sí i.

Kì í ṣe ilé mi nìkan ni ó ti ń ṣẹlẹ̀. Ní 1999, International Energy Agency dábàá pé kí ẹ̀rọ ilé tí ó wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀ má ṣe jẹ ju wáàtì kan lọ. Ilẹ̀ Yúróòpù sọ ọ́ di òfin fún ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ. Láti 2013, ìdajì wáàtì ni wọ́n fi àyè gbà fún èyí tí kò ní ojú tí ń tàn. Àpótí àtijọ́ bíi tèmi ti wà kí òfin náà tó dé, irú wọn sì pọ̀ ní ọjà ẹ̀rọ àlòkù wa. Bẹ́ẹ̀ ni iná wa kì í ṣe omi òjò: a ń rà á lọ́wọ́ Nàìjíríà àti Gánà, a sì ń pín ti Nangbéto lórí odò Mono pẹ̀lú Tógò láti 1987.

Mo ra pákó iná kan tí ó ní bọ́tìnì, mo kó gbogbo okùn rédíò sórí rẹ̀. Ìka kan ni mo fi ń pa gbogbo wọn báyìí. Lẹ́yìn náà ni mo pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn baba wa ní, àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Èmi ni mo jẹ. Ọmọdé ni mo di igbá rù. Mo ní: "Má bínú, ọmọ mi. Mo ṣẹ̀ ọ́." Ó kúnlẹ̀ kíákíá, ó ní: "Háà, Bàbá, kò tó bẹ́ẹ̀." Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó rọra béèrè: "Ṣé mo lè tan iná di agogo mọ́kànlá?" Mo ní kí ó tàn án títí oorun yóò fi kùn ún.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ fi ọwọ́ kan àwọn àpótí tó wà lára ògiri ilé yín lóru. Èyí tí ó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ yọ ọ́. Ẹ̀yin àgbà, ẹ fi ọwọ́ kan tiyín kí ẹ tó pe ọmọ lẹ́jọ́. Ológbò wa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kò dùn mọ́ nínú. Orí ìwé BAC ni ó ń sùn báyìí.