Ṣé Wọ́n Ń Kọ́ Ènìyàn Ní Ìlàjà?

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè: ṣé wọ́n ń bí onílàjà ni, àbí wọ́n ń kọ́ ọ?

Ẹ̀lùbọ́ ni mò ń tà lọ́jà Santana, ní Sapele Road níbí ní Benin. Ẹ̀yin tí ẹ ń ná an mọ̀ pé Ẹdó, Urhobo, Ígbò àti àwa Yorùbá la jọ ń tajà níbẹ̀. Iyeki, ìyẹn ìyá ọjà lédè Ẹdó, ló ń ṣe olórí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo aáwọ̀ la ń gbé dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní láìnì tiwa, a máa ń yan ẹnì kan tí yóò kọ́kọ́ dá sí i. Nígbà tí wọ́n yàn mí, mo rò pé ẹni tó bá ti lóhùn, tó sì mọ òfin, ó parí.

Lọ́jọ́ kan, ará ìlú mi kan gbé tábìlì yọ sójú ọ̀nà, ó dí ọmọ Ẹdó tó ń ta gàárì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìjà dé. Kí ọmọ Ẹdó náà tó sọ̀rọ̀ tán, mo ti ní kí òun sún sẹ́yìn. Kò bú mi. Ó sún sẹ́yìn, kò sì kí mi mọ́. Èébú ìbá sàn jù. Agbẹ́jọ́ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà. Èmi tí mo máa ń pa á lówe fún ẹlòmíì!

Màmá àgbà tó ṣe iṣẹ́ náà ṣáájú mi pè mí. Ó ní, "Ọmọ mi, wá jókòó tì mí. Má sọ nǹkan kan, máa wò." Nígbà tí àwọn méjì gbé ìjà wá, ó kọ́kọ́ mú wọn kúrò lójú àwọn òǹwòran. Ó ní kí ọmọ kan lọ ṣọ́ ọjà wọn, torí ẹni tí ọkàn rẹ̀ wà lórí ọjà kì í gbọ́rọ̀. Ó wá ní kí oníkálukú sọ ohun tó ń dun ẹnì kejì, kó tó sọ tiẹ̀. Ohùn wọn lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó yà kí àwọn méjèèjì.

Gbogbo èyí ṣeé kọ́. Ṣebí àna Mósè ló kọ́ Mósè náà, nínú Ẹ́kísódù 18, pé kó yan olórí ẹgbẹ̀rún, ọgọ́rùn-ún, àádọ́ta àti mẹ́wàá, kó má baà dá ẹjọ́ pa ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo irú ẹni tó ní kó yàn: ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́run, tó kórìíra ojúkòkòrò. Ojúkòkòrò mi kì í ṣe ti owó. Mo fẹ́ káwọn èèyàn mi máa yìn mí.

Mo bi Màmá pé báwo ló ṣe kọ́ tiẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín: "Mo ti ṣì í dá rí. Mo lọ bẹ̀bẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, mo kúnlẹ̀ fún oníṣòwò gàárì náà níwájú gbogbo láìnì, torí níwájú wọn ni mo ti ṣẹ̀ ẹ́. Mo ní kí ará ìlú mi gbé tábìlì rẹ̀ wọlé. Títí dòní, ìkíni ẹnu lásán ló ń kí mi. Ọmọ Ẹdó náà ló wá ń bá mi ṣọ́ ẹ̀lùbọ́.

Ẹ̀yin alága ẹgbẹ́ àti olórí ìdílé, ẹ wá ẹni tí ẹ ó jókòó tì. Àmọ́ ìgbà tẹ́ ẹ bá lè sọ pé "èmi ni mo jẹ̀bi" lẹ tó kọ́ṣẹ́ tán. Kí Olúwa fún wa ní irú ọkàn bẹ́ẹ̀. Àmín.